Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá Kékeré

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé 2025

Títílọpẹ́ wálé láti Èkó. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi na fóònù sí mi: òun rèé lórí òkun, ó dúró lórí pátákó gígùn kan, ìgbì ń gbé e bọ̀ wá sétí omi. Gígun ìgbì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì. Mo ní ṣé ohun tó ń ṣe nìyí dípò kó mú ọkọ wálé. Ó ní ọkọ wà. Mo ní ará ibo? Ó ní ará Benin níbí.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀, mi ò fẹ́ rí fọ́tò ẹ̀. Àwọn ará ibí ò mọ ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni tiwọn. Ẹni tó máa fẹ́ ọmọ mi gbọ́dọ̀ nà gbalaja síwájú mi, kí àyà ẹ̀ kan ilẹ̀, kí gbogbo ẹbí rí i. Ìjọba — ìyàwó mi nìyẹn, òun ló ń pàṣẹ nílé yìí — ní láti ìgbà tí a ti ń gbé àdúgbò Uwasota yìí ni mo ti ń jẹ ọbẹ̀ dúdú wọn, ṣé ọbẹ̀ nìkan ló dáa lára wọn ni.

Títílọpẹ́ ní kí n sọ ohun tó bá wù mí, ṣùgbọ́n ohun tí òun ń ṣe lórí omi yẹn, mi ò lè ṣe é láyé. Èmi. Mo ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, etí omi ni wọ́n bí mi sí. Ó ní ó dáa. Tí mo bá lè dúró lórí ìgbì kan ṣoṣo kí ọdún Àjíǹde tó kọjá, òun á fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Tí mi ò bá lè dúró, màá gba ọkùnrin náà àti ẹbí ẹ̀ tọwọ́-tẹsẹ̀. Mo ní mo gbà. Ìjọba ṣe ẹlẹ́rìí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn.

Àìkú, 9 Èrèlé

Nínú ìsìn, wọ́n ń ka ibi tí Pétérù ti ń rìn lórí omi, ni mo rántí pé mi ò mọ̀wẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí a kúrò ní Ẹ̀pẹ́.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Ìjọba ti bá mi wá olùkọ́. Kíá báyìí. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ èèyàn ní ìlúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Ekenwan, tó sì máa ń lọ gun ìgbì l'Ékòó. Eghosa lorúkọ ẹ̀. Ó ga, eyín ẹ̀ funfun, irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì pinnu ibi tó fẹ́ hù sí. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ kí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ wò ó, ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn.

Mo rò pé a máa wọ omi. Rárá o. Ó tẹ́ bọ́ọ̀dù, pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì, sórí táìlì, ó ní, "Daddy, lie down." Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyẹn: kéèyàn dojú bolẹ̀, kí àyà kan bọ́ọ̀dù, kí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, kó wá fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Èmi Adésọjí, baba ilé, ẹni tí wọ́n ń pè ní sà ní ilé ìtẹ̀wé mi, mo nà gbalaja síwájú ọmọ tí mo lè bí. Ó dúró lókè orí mi, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Daddy, chest for ground. Again." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lónìí ju bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó mi lọ.

Mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré.

Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Mo wọ omi. Omi náà wọ èmi. Imú ló gbà wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Mò ń dánra wò ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tó wá gba pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wọlé, ó bá mi nílẹ̀, ó fi igbe ta pé Daddy don faint. Ó ti ń pe èèyàn wọlé kí n tó fò dìde. Nígbà tí mo fò dìde ló wá sá. Pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣì wà níbí.

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Wàhálà. Rédíò rí mi.

Rédíò ni Àlàájì Làmídì, tó ń ta táyà ní Ikpoba Hill. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Benin á ti gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbé táyà wá fún máníjà òtẹ́ẹ̀lì, ó bá mi níbi tí mo dojú bolẹ̀ sí, Ọ̀gá Kékeré ń na ìka sí mi lórí. Ó dúró. Ó wò mí. Ó mi orí, ó bá tiẹ̀ lọ, kò sọ nǹkan kan. Rédíò tí kò sọ̀rọ̀, ewu ń bẹ.

Àìkú, 2 Ẹrẹ́nà

Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá. Wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀. Alága wa, Bàbá Ọládélé, rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí ni mo ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ tó fi ń gba ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́, bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì òkun. Wọ́n wo ara wọn. Alága ní, "Adésọjí, òkun wo ló wà ní Benin?"

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Alága gbá mi léjìká, ó ní kí n fi sílẹ̀ fún àwọn, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Wọ́n wá. Alága, Rédíò, àti Bọ̀dá Adéwùnmí tó ń ta gíláàsì fèrèsé. Agbádá lọ́rùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú oòrùn ọ̀sán. Èmi wà nínú púùlù, mo di irin etí ẹ̀ mú, mo ń fi ẹsẹ̀ gbá omi bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Kí n tó lanu, wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ síwájú Ọ̀gá Kékeré. Tórí pé nílé wa, tí àgbà bá ń bá èèyàn bẹ̀bẹ̀, kì í wo ọjọ́ orí ẹni tó ń bẹ̀.

Ọ̀gá Kékeré ò gbọ́ Yorùbá. Ó rò pé mo mú oníbàárà wá fún òun ni. Inú ẹ̀ dùn. Ó tẹ ẹ̀yìn Alága mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, "Daddy, chest for ground." Ó tún ìgúnpá Rédíò ṣe. Ó wá pàtẹ́wọ́, "Pop up!" Wọ́n dìde, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n rò pé ó ti dárí jì mí. Ó ní, "Again." Wọ́n tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó tún ní "Again," Alága gbé orí sókè, ó wò mí nínú omi, ó ní, "Adésọjí, ẹ̀ṣẹ̀ yìí mà pọ̀ o."

Mo lè ṣàlàyé fún wọn nígbà náà. Mi ò ṣàlàyé. Fìlà Rédíò ti bọ́ sómi, ó ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì dára ní wíwò.

Àbámẹ́ta, 22 Ẹrẹ́nà

Mo lúwẹ̀ẹ́ láti etí kan dé èkejì. Kò sẹ́ni tó gbé mi.

Lẹ́yìn náà a jókòó, a ń jẹ ẹ̀pà. Mo bi Ọ̀gá Kékeré pé ṣé kò ní ìyàwó ni. Ó ní ọmọbìnrin kan wà, ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ ò fẹ́ fojú rí òun. Inú bí mi. Ọmọ tó ní sùúrù báyìí, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò jẹ́ kí n rì. Mo ní àwọn bàbá kan wà tó jẹ́ pé ewú ló wà lórí wọn, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo ní kó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà, màá bá a sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Ó wò mí títí. Ó ní, "Thank you, Daddy."

Àbámẹ́ta, 5 Igbe

Mo dúró lórí bọ́ọ̀dù nínú púùlù, Ọ̀gá Kékeré ń tì í lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ àgbà lọ.

Àbámẹ́ta, 19 Igbe

Tákwá, etíkun kan l'Ékòó. Èmi àti Ọ̀gá Kékeré la kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ìjọba àti Títílọpẹ́ ní àwọn máa se oúnjẹ kí àwọn tó tẹ̀lé wa.

Òkun kì í ṣe púùlù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìgbì àkọ́kọ́ gbá mi nílẹ̀ bí ọlọ́pàá. Èkejì bọ́ ṣòkòtò mi dé orúnkún. Iyanrìn wọ ibi tí mi ò ní kọ sílẹ̀. Ọ̀gá Kékeré dúró nínú omi dé àyà, ó di bọ́ọ̀dù mi mú lẹ́yìn, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Ìgbì kan ń bọ̀, ó ní not this one. Òmíràn, ó ní leave am. Ó pẹ́ kó tó tì mí. "Now, Daddy!" Àyà, ọwọ́, ẹsẹ̀ —

Mo dúró.

Mo dúró lórí omi. Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, ilẹ̀ ń sáré pàdé mi, mo ń ki oríkì bàbá mi lóhùn rara. Àwọn ẹlẹ́ja méjì tó ń tún àwọ̀n ṣe ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo dé iyanrìn lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún Títílọpẹ́, ọ̀rọ̀ tó gùn tó sì dùn.

Ọ̀gá Kékeré jáde nínú omi, kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sórí iyanrìn. Ó ní, "Daddy, you don win."

Mi ò sọ fún un rí pé mo bá ọmọ mi ta tẹ́tẹ́. Mo ní kí ni mo win? Ó ní, "Titi."

Nígbà náà ni gbogbo ẹ̀ yé mi. Olùkọ́ tí Ìjọba rí kíá. Ẹ̀rín músẹ́. Bàbá tí kò sí nǹkan kan nínú orí ẹ̀, tí mo ní màá lọ bá sọ̀rọ̀: èmi ni. Mo bi í pé ìgbì burúkú pọ̀ níbẹ̀, kí ló dé tí kò tì mí sínú wọn títí ilẹ̀ fi ṣú? Ó ní, "You be my student, Daddy."

Ojú tì mí. Mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Ọkọ̀ wọn dé. Títílọpẹ́ sọ̀kalẹ̀, ojú Ọ̀gá Kékeré ló kọ́kọ́ wò, kì í ṣe tèmi, ojú òun náà sì rẹ̀ wẹ̀sì. Ó ní, "Daddy, ṣé ẹ dúró?" Ọ̀gá Kékeré lanu. Mo yára ṣáájú ẹ̀.

Mo ní mo ṣubú. Lórí gbogbo ìgbì ni mo ti ṣubú.

Ọmọ mi so mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún. Ìjọba ní ọmọ Ẹ̀pẹ́, káàbọ̀ o. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi padà dé ìlú.

Àìkú, 20 Igbe

Jésù jíǹde. Ìhà mi ò tíì jí.

Àbámẹ́ta, 10 Ẹ̀bìbi

Mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn òbí Eghosa wá, wọ́n gbé obì, wọ́n gbé ẹmu. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Rédíò àti Alága mọ ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Alága rọra gbá agbádá ẹ̀ mọ́ra.

Wọ́n ní kó wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Ọmọ ará Benin yìí nà gbalaja, àyà kanlẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ó dára débi pé Ìjọba mí kanlẹ̀. Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu láti wúre, ọmọ náà ti fò dìde, ó ya ẹsẹ̀, ó na apá méjèèjì.

Lọ́dọ̀ tiwa, àna kì í dìde títí wọ́n á fi ní kó dìde. Rédíò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ má bínú sí i, bó ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn. Ó ní ká dúpẹ́ pé ọmọ náà rí ẹsẹ̀ dúró, bàbá ìyàwó tí ọmọ náà kọ́ mu òkun Èkó tán láìrí ẹsẹ̀ dúró. Ẹnìkan túmọ̀ ẹ̀ sí Edo fún àwọn àna. Àwọn náà rẹ́rìn-ín mi, nínú ilé mi.

Mo dìde lọ bá ọmọ náà. Mo ní kó padà sílẹ̀, kó má sì dìde títí màá fi sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, ó yí ojú sí mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Daddy, make I tell them say you stand?"

Rédíò ṣì ń fi àpẹẹrẹ bí mo ṣe ṣubú hàn wọ́n. Ẹnu ń yún mi. Mo wo Títílọpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi gèlè nu ojú, òun náà ń rẹ́rìn-ín mi.

Mo tẹ ẹ̀yìn ọmọ náà mọ́lẹ̀.

"Chest for ground," mo ní. Mo sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.