Orílẹ̀-èdè Tí A Fẹ́ Fi Àbúrò Mi Pamọ́ Sí

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́,
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi tó di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ẹ jà nítorí ẹ̀fọ́? Òtútù òkè òkun ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti fi orúnkún rẹ sílẹ̀? Mo kí àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, pàápàá èyí tó máa ń pè ẹ́ ní ìyá rẹ̀. Ní tiwa, a wà, a ò kú, a ò sì tíì gbọ́n. Ìyá mi kí ẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà kí ẹ. Òun nìkan ni kò tíì pe ìpàdé nínú ìdílé yìí.

Ọ̀rẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dùn ẹ́, nítorí náà, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọtí ti fẹ́ẹ̀ gba àbúrò mi mọ́ wa lọ́wọ́. Onígbàjámọ̀ ni mò ń wí, èyí tí ìwọ fúnra rẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ó gẹrun fún dírẹ́bà kan, orí ọkùnrin náà wá dà bí oko tí wọ́n ro dé ìdajì. Àwọn oníbàárà ti sá tán. Dókítà yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, ó ní tó bá ń bá a lọ báyìí, a máa sin ín. Ó ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń gbé ni kó lọ, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ wa. Ìlú òkèèrè ló kù.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí a ń pè ní Alága, ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa. Àwọn ló máa sanwó, nítorí náà, àwọn ló gbọ́n jù. Wọ́n pè wá jọ sí pálọ̀ wọn, wọ́n so fóònù mọ́ tẹlifíṣàn, a wá ń yan orílẹ̀-èdè bí ẹni ń yan aṣọ. Ìyàwó wọn fẹ́ ibi tí òkè oníyìnyín wà, pé fọ́tò rẹ̀ á dára, a ó sì lè sọ fún aráyé pé ó lọ gbatẹ́gùn. Ìyá mi fẹ́ ibi tí wọn kì í ta ọtí rárá. Alága fẹ́ èyí tó jìnnà jù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kò lè rìn débẹ̀ kó tún rìn padà wálé. Kò sẹ́ni tó béèrè irú ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Èmi náà jókòó, mò ń wo yìnyín.

O máa béèrè pé aláìsàn ńkọ́. A ti rán an níṣẹ́. Òùngbẹ ń gbẹ ìgbìmọ̀, a wá ní kó lọ ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wá ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ilé ọtí. Àwa tí à ń ṣèpàdé nítorí ọ̀mùtí la rán ọ̀mùtí lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí. Ọgbọ́n pọ̀ nínú ìdílé wa, a kàn ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ ni.

Kó tó dé, Alága ti pe ilé ìtọ́jú kan ní orílẹ̀-èdè tó jìnnà jù náà. Obìnrin tó gbé fóònù ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú àwọn: àwọn aláìsàn á jókòó yíká, kálukú á sọ ohun tó gbé e dé ìdí ọtí. Ó wá bi wọ́n bóyá àbúrò wa gbọ́ èdè ibẹ̀. Alága ní kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí wàhálà, kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, kí wọ́n ṣáà gún un lábẹ́rẹ́. Onígbàjámọ̀ o, ẹni tó ń bá orí olórí sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́! Obìnrin náà tún béèrè mọ̀lẹ́bí tó ń gbé nítòsí, tó lè máa wá jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Alága fi ìdùnnú dáhùn pé kò sí ẹnì kankan, ìdí tí a fi yan ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Obìnrin náà ní kí wọ́n tún un wí, bóyá òun kò gbọ́ dáadáa ni.

Àṣé àbúrò mi ti wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgò ń lu ara wọn nínú àpò tó gbé dání. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ohun tí a rán an ló rà, kò sì sí òórùn kankan lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo gba àpò náà nìkan ló mọ̀. Alága bi í bóyá ó ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ibi tẹ́ ẹ máa fi mí pamọ́ sí lẹ̀ ń wá. Èmi fẹ́ kára mi yá ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibi tẹ́nì kan ti mọ̀ mí.”

Ìlú tìrẹ ló dárúkọ, ọ̀rẹ́ mi. Alága ní kò ṣeé ṣe, pé o lẹ́nu, pé gbogbo ayé á gbọ́. Ìwọ tó jẹ́ pé mo máa ń kọ lẹ́tà mẹ́ta kí n tó rí èsì kan gbà! Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kò gbọdọ̀ dé etí rẹ. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ pé mo gbà.

Mo ti wádìí. Ilé ìtọ́jú kan wà lọ́dọ̀ yín, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó gbọ́ èdè wa. Ti Alága, fi sílẹ̀ fún ìyá mi. Tí wọ́n bá rí omijé rẹ̀, wọ́n á gbà. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò máa wá jókòó tì í. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń wọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́, ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń bò ó. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n, ṣòkòtò tí mo rán fún un lọ́dún tó kọjá kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Àbúrò mi wà níbí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà mi. Mo bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí n bá òun sọ fún ẹ. Ó ní kí n bi ẹ́ bóyá o ṣì rántí irú ẹni tí òun jẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí òun ti ń gbàgbé.

                                        Èmi ni, tìrẹ láìyẹ̀,
                                        Abẹ́rẹ́.