Lórí Ọ̀rọ̀ Fọ́ọ̀mù Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé otútù ibẹ̀ kò tíì wọ inú egungun rẹ? Ṣé o ti pààrọ̀ bàtà tí o ní omi ń wọ̀? Bí ó bá jẹ́ àlàáfíà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tí ó gbé ọ wọ bàálù tí kò jẹ́ kí ó já ni yóò máa ṣọ́ ọ nínú yàrá tí o ń sùn àti nínú gbọ̀ngàn tí o ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní jẹ́ kí orí tìrẹ dàrú níbi tí o ti ń kọ́ nípa orí ẹlòmíràn. Àmín. Èmi náà wà láàyè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń ro mí, ẹ̀jẹ̀ mi ṣì ń ga, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ jókòó.

Nílé, òjò ti bẹ̀rẹ̀, páànù òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ti ń jò ní ibi mẹ́ta, mo gbé ike sí méjì, mo gbé ìkòkò sí ẹ̀kẹta, ìró wọn kò bára mu rárá. Onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ti ra àga tuntun tí ń yí, ó ní àga náà nìkan tó láti fa oníbàárà wá, mo sọ fún un pé àga tí ń yí lè mú kí òòyì kọ́ àgbàlagbà lójú kí ó sì ṣubú, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má fi ẹnu mi lé oníbàárà òun lọ. O mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ìdí kan ni pé ìyá rẹ máa ń wà nítòsí bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìdí kejì ń tì mí lójú díẹ̀: ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Láti ìgbà tí o ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkàn ẹ̀dá yìí ni oníkọ̀ǹpútà òpópó wa ti sọ fún mi pé ẹni tó bá kọ́ ọ dé ọdún kejì lè wo ojú ènìyàn kí ó sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fa fìlà wálẹ̀ dé ojú nígbà tí o bá ní kí n tan àwòrán fóònù. O rò pé otútù ló ń mú mi. Kì í ṣe otútù.

Mo rántí pé mo bi ọ́ nígbà kan pé irú iṣẹ́ wo ni wọn yóò fún ọ ṣe bí o bá parí ní yunifásítì ọ̀hún, o ní àwọn ènìyàn yóò máa wá jókòó níwájú rẹ, wọn á máa sọ ohun tó ń dùn wọ́n, ìwọ á sì máa gbọ́. Mo ní lẹ́yìn náà ńkọ́. O ní gbígbọ́ náà ni iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń rò ó. Mo ní ṣé ohun tí a torí rẹ̀ ta ilẹ̀ nìyí, ohun tí onígbàjámọ̀ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó ṣe ń fá orí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ènìyàn lè máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni fún ọdún méjìdínlógójì kí ó má gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ sọ. Ní oṣù tó kọjá o fi fọ́ọ̀mù méjì ránṣẹ́ sí oníkọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ wọ́n jáde, ó ní kí n mú wọn lọ sílé. O ní iṣẹ́ ìwádìí rẹ ni, pé o fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn òbí tí ọmọ wọn lọ sí òkèèrè, pé kí èmi àti ìyá rẹ kọ́kọ́ bá ọ dán an wò kí o tó fún àwọn ẹlòmíràn. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì bá ọ fi àmì sí àwọn ọ̀rọ̀ tí o kò fi àmì sí, wọ́n tó mẹ́tàdínlógún. Lókè rẹ̀ ni o kọ ọ́ sí pé kò sí ìdáhùn tó tọ̀nà, kò sì sí èyí tí kò tọ̀nà. Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi ni mo ń gba fọ́ọ̀mù ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ọmọ, mi ò rí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbà pé ẹ̀tàn ni, pé àwọn ọ̀gá rẹ ló dẹ ẹ́ fún ọ̀lẹ, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ìwọ náà mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo kò padà wá sí ọwọ́ mi láti olú iléeṣẹ́ ìdánwò. Bí ọmọ kan bá kọ ọjọ́ ìbí tí yóò kó o sí wàhálà, màá mú rọ́bà, màá pa á rẹ́, màá kọ èyí tí yóò mú un wọlé. Bí orúkọ bàbá bá yàtọ̀ sí ti ọdún tó kọjá, màá mú un bára mu. Mi ò kà á sí irọ́. Mo kà á sí àánú, nítorí pé fọ́ọ̀mù tó bá ní àbùkù, ọmọ náà ló ń dúró sílé fún ọdún kan. Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè mí títí di òní, ìyá rẹ pàápàá.

O to ìdáhùn sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, láti Rárá dé Lójoojúmọ́, kí a fa ìlà sí èyí tó bá bá wa mu; mo parí tèmi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé n kì í rí oorun sùn, Rárá. Ṣé oúnjẹ kì í wù mí jẹ, Rárá. Ṣé àyà mi ń já láìnídìí, Rárá. Rárá ni mo fà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ìyá rẹ ní tirẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ti aṣọ oníbàárà sẹ́yìn, ó mú pẹ́ńsù tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, ó sì lo ọ̀sán kan gbáko. Mo kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní ṣé kò tíì parí ni. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé ọmọ òun ló bi òun léèrè ọ̀rọ̀. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí mọ́tò ti gba ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́ wa, n kò tíì rí i kí ó jókòó ti ohun kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó fi lé mi lọ́wọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò, bí mo ṣe máa ń yẹ ti gbogbo ènìyàn wò. Gbogbo ibi tí mo ti fa Rárá, Lójoojúmọ́ ni òun fà. Oorun, Lójoojúmọ́. Oúnjẹ, Lójoojúmọ́. Ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tí o ti bi ènìyàn bóyá ó ti ṣe é bíi pé ó sàn kí òun má sí láyé mọ́, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo rò pé ó ṣì í fà ni. Lójoojúmọ́. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí o ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ohun mìíràn láti sọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ jókòó tì í. Ohun tí mo rò ni pé bí àwọn ọ̀gá rẹ bá rí èyí, wọn yóò ní báwo ni ẹni tí ìyá rẹ̀ wà báyìí yóò ṣe tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn, wọn yóò yọ orúkọ rẹ, wọn yóò ní kí o máa bọ̀ nílé, ohun tí a ta yóò sì ṣègbé. Mo lọ sí yàrá, mo mú rọ́bà. Mo pa ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ́, mo fẹ́ ẹ mọ́, mo fa Rárá. Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ mo fara wé ọwọ́ ìyá rẹ, mo kọ ọ́ pé, Ìdúpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ fún oníkọ̀ǹpútà, ó fi ránṣẹ́ sí ọ, mo sì san owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ní ọjọ́ Sunday o pè. O ní kí n gbé fóònù fún màmá. Mo jókòó níbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. O ní o ti rí ìdáhùn rẹ̀, pé inú rẹ dùn dé ìdí, pé ẹ̀rù ti ń bà ọ́ nítorí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, o ti fẹ́ máa wá owó bàálù kí o wá wò ó, ṣùgbọ́n ní báyìí ọkàn rẹ ti balẹ̀, kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ní ó dáa, ó ṣeun. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó dìde, ó lọ bo máṣíìnì.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá sí iṣẹ́, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Ó dá aṣọ gbogbo oníbàárà padà, èyí tó rán tán àti èyí tí kò rán tán, ó ká wọn, ó fi bébà kékeré tó kọ orúkọ sí há wọn láyà. Ó fún ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní sísọ́ọ̀sì ńlá àti máṣíìnì náà, ó ní kó máa lò ó. Ó lọ sí ilé aláta tí wọ́n ti jọ ń jà láti ọdún mẹ́ta, ó bá a rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì kí ó má jóná, ó dúró tì mí títí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ti ń bọ̀ sípò, ó ń tún ayé rẹ̀ ṣe. Mo tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀ lánàá, mo ń fi yangàn.

Onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró. Ó ní Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rí àbùkù lára ìwé gbogbo ayé, ẹ ò rí i pé ìyàwó yín ń palẹ̀ mọ́ ni? Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun náà ṣe palẹ̀ mọ́ nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé, tó pín irinṣẹ́, tó bá gbogbo ọ̀tá parí ìjà, tí àwọn ń sọ pé ó ti gbádùn. Ó pa ìsọ̀ dé ní ọ̀sán gangan, ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì ti wà lókè lọ́dọ̀ wa láti àná. A kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan mọ́.

Ní òwúrọ̀ yìí mo gbé tíì fún ìyá rẹ, mo jókòó sórí àpótí aṣọ, mo sì jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò ké mọ́ mi. Ó bi mí pé, ṣé ọmọ náà kò rí i ni? Mo ní kò rí i. Ó tún bi mí, bí ẹni pé n kò gbọ́, ṣé kò rí i, ṣé kì í ṣe pé ó rí i tó sì ní inú òun dùn? Mo ní èmi ni mo pa á rẹ́, pé ọmọ náà kò rí nǹkan kan. Ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi ni mo sọ fún un pé kí ó pa ẹkún mọ́ra nítorí pé o ń múra ìdánwò. Ó ti pa á mọ́ra fún mi láti ìgbà náà. Ní òwúrọ̀ yìí n kò sọ fún un pé kí ó dákẹ́.

Àwọn ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Bí ìwé yìí bá ti dé ọwọ́ rẹ, pè é, má pè mí. Bi í ní gbogbo ìbéèrè náà láti ẹnu rẹ, kí o sì gbọ́. Sọ fún wa irú dókítà tí a ó mú un lọ bá, mo ti gbọ́ pé ọ̀kan wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ṣùgbọ́n mo ti ń sá fún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí ohun tí aráyé yóò sọ. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ fún ìyẹn, páànù lè máa jò. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá sì fẹ́ fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni lórí fọ́ọ̀mù yìí, fún wọn ní orúkọ mi, sọ fún wọn pé akọ̀wé ni mí. Fọ́ọ̀mù tèmi náà kò tọ̀nà. N kì í sùn.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní etí tí èmi kò ní. Kí ó mú ẹsẹ̀ rẹ yá, kí o bá ìyá rẹ lórí ìdúró, kí o sì máa rí ẹni tí yóò gbọ́ tìrẹ náà níbikíbi tí o bá wà.

Lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ń pẹ́ jù, nítorí náà oníkọ̀ǹpútà ni yóò fi ẹ̀rọ rẹ̀ yà á, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ ní òwúrọ̀ yìí. Ìyá rẹ ní òun náà fẹ́ kọ nǹkan sí ẹ̀yìn ìwé yìí, mo sì fún un ní bírò, kì í ṣe pẹ́ńsù. Ó ń kọ ọ́ báyìí sórí ìwé mìíràn kí n lè parí tèmi, yóò sì dà á kọ sí ẹ̀yìn èyí. N ó dojú kọ fèrèsé títí yóò fi ṣe tán, èmi fúnra mi ni n ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí gíláàsì ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà. Ohun yòówù tí o bá rí níbẹ̀, bí ó ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe fi ránṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ.