Ta Ló Yọ Ìwé Bàbá Mi Kúrò Lára Fìríìjì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Lorna olóòtú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí èémí òun bá dúró, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ dá a padà. Èmi ló yàn pé kí n máa gbẹnu sọ fún òun. Ara fìríìjì la lẹ ìwé náà mọ́, kí àwọn aláńbúláǹsì lè tètè rí i. Nígbà tí èémí bàbá dúró, tí aládùúgbò wa sì pè wọ́n, wọn ò bá ìwé náà níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí i.

Àpò kóòtù olóògbé ìyá mi ni mo ti rí ìwé náà. Yìnyín ṣì wà léjìká kóòtù ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí bàbá ò ti lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ní, "Ohun tí bàbá fẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ, kì í ṣe tiyín."

Lọ́la ni n óò sọ bóyá kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà. Ṣé bàbá ló yí ọkàn padà, àbí ìyá mi ni ò tíì fẹ́ kó wá bá òun?