Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Rẹ Sọ fún Dókítà

Agboolé Bàbá Yúnúsà,
Fìdítì.

Sofiyullah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó mi ńkọ́? Aaliyah ńkọ́? Ṣé wọ́n ń rí oúnjẹ gidi jẹ ní Àbújá níbẹ̀? Òkè tí o bá ń gùn, Ọlọ́run Ọba á sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́lẹ̀ fún ọ. Èmi náà ń bẹ, mo ń dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ dáadáa, ọsàn wa lọ́nà Ìlọrà ti ń pọ́n, Àbọ̀dé aládùúgbò wa ló ń bá mi ká a nítorí ẹsẹ̀ mi kò gba àkàbà mọ́. Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lánàá ó ní dátà ti tán. Mo bi Miracle, ọmọbìnrin tó ń bá wa gba iná sí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, pé ta ló lò ó, ṣebí èmi nìkan ló wà nílé, ó ní èmi náà ni mo lò ó. Mi ò bá a jiyàn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù, ìdí tí mo ṣe mú bírò nìyẹn. Láti ìgbà tí a ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́ bàbá rẹ tí o sì ti padà, ara mi kò tíì lélẹ̀.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí Aaliyah bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́dún tó kọjá? Ọmọ náà ní Háù àà yù, Gírámpà. Bàbá rẹ ní Yẹ́ẹ̀sì. Ó tún bi wọ́n, wọ́n tún ní Yẹ́ẹ̀sì. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá yín rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, wọ́n jáde lọ jókòó sídìí kàǹga. Nígbà tí mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ló wà lára ọmọ yẹn, síbẹ̀ bí àlejò ni àwọn rí lójú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù Miracle lẹ́yìn ìrun alaásárì. Ètò kan wà tí Miracle máa ń wò lórí tẹlifíṣàn kékeré rẹ̀. Òyìnbó kan ni, ó máa ń pe àwọn eléré ìdárayá, àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù, á máa bi wọ́n lọ́rọ̀, wọ́n á sì máa pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ kan. Òyìnbó náà jókòó sẹ́yìn tábìlì bí adájọ́, eléré jókòó síwájú rẹ̀ bí ọ̀daràn, mo béèrè pé kí ló jí. Miracle ní kò jí nǹkan kan, àmì ẹ̀yẹ góòlù ló gbà. Mo ní ta ló wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Àwọn èrò tó ń rẹ́rìn-ín, ohùn wọn là ń gbọ́, a kì í rí wọn, mo rò pé òyìnbó tì wọ́n mọ́ yàrá kejì nítorí pé wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín jù.

Miracle ń túmọ̀, bàbá rẹ ń kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ní ẹni tó bá ń wá Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kó lọ síléèwé, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ni àwọn ń wá ní tàwọn. Wọ́n kọ́ Wẹ́ẹ̀lì pílééè, Miracle ní ẹni tó bá ṣe dáadáa ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àbọ̀dé ti ibi ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀ dé láti Akínmọ̀ọ́rìn, bàbá rẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní Wẹ́ẹ̀lì pílééè. Àbọ̀dé dúpẹ́, ó rò pé àdúrà ni. Wọ́n kọ́ Wàn géèmù át ẹ táìmù, pé eré kan lẹ́ẹ̀kan ni kéèyàn máa dojú kọ. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Áì fíìlì gíréètì, pé ara mi yá gágá. Wọ́n ní bí òyìnbó yẹn bá ti bi eléré kan bó ṣe ń ṣe é lára, ìbáà jẹ́ ẹni tó borí, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n lù tí ojú rẹ̀ wú, ohun tó máa wí nìyẹn, àwọn èrò á sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ìdáhùn ọmọlúàbí ni. Mo ní kí wọ́n pe Aaliyah kí wọ́n sọ ọ́ fún un, wọ́n ní rárá, ó di Iléyá, ojú kojú.

Kí Iléyá tó dé ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Fún ọjọ́ méjì wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tó dá wa lóhùn kéré lọ́jọ́ orí, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, nọ́ọ̀sì tó ń bá a túmọ̀ sì wà ní yàrá kejì tó ń fún ọmọ kan lábẹ́rẹ́. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé bàbá rẹ láyà, ó ní, “Bàbá, háù dù yù fíìlì?”

Sofiyullah, ojú bàbá rẹ tàn. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, mi ò rí i kí ojú wọn tàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n na ẹ̀yìn dáadáa lórí àga, wọ́n ní, “Áì fíìlì gíréètì. Wàn géèmù át ẹ táìmù.” Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó tún sọ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, bàbá rẹ sì ń dá a lóhùn pé Tẹ́ńkíù, wẹ́ẹ̀lì pílééè. Ó kọ oògùn ara ríro fún wa, ó ní ká máa lọ sílé.

Mo wà níbẹ̀. Ká ní mo ké sí nọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀kan péré ni, ì bá gbọ́. Mo ti la ẹnu, ni bàbá rẹ bá di ọwọ́ mi mú, inú wọn ń dùn. Mo ro ọjọ́ tí mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín, mo ní mi ò tún ní dójú tì wọ́n níwájú àlejò. Mo pa ẹnu mi dé. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, wọ́n ní, “Àlàkẹ́, ṣé o rí i pé gbogbo rẹ̀ ló gbọ́?” Mo ní mo rí i. Lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, wọ́n jókòó, wọn kò sì dìde mọ́.

Níbi ìsìnkú o bi mí ní ohun tí dókítà wí, mo ní ó tọ́jú wọn. Ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọ nìyí. Má bínú sí dókítà, ó kúkú béèrè. Má bínú sí Miracle, ó ti sunkún títí, kì í tan ètò náà mọ́. Bó o bá máa bínú, èmi ni kó o bínú sí. Mo ti ka ìwé bàbá rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ibì kan tí eléré kankan ti sọ pé nǹkan ń dun òun.

Jọ̀ọ́, bá mi wá owó díẹ̀ tí n ó fi ṣe sàráà fún wọn ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí n sì fi èyí tó bá kù ra oògùn ẹsẹ̀. Fi rán èèyàn ni, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, èmi ò sì lè sọ àṣírí fún ẹni tí mi ò rí ojú rẹ̀.

Mo sì bẹ̀ ọ́, kọ́ Aaliyah ní Yorùbá. Kò ní láti pọ̀. Kó o tó kọ́ ọ ní ẹ káàárọ̀, kọ́kọ́ kọ́ ọ ní “Ó ń dùn mí.” Kó mọ̀ ọ́n sọ ketekete, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kó rí ohun tí yóò mú un sọ ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlàkẹ́.