Ìdí Tí Mo Fi Dín Eré Kọ̀ǹpútà Mi Kù

                                        Àdúgbò Etídò,
                                        Mahintedo,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ṣèyí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé Ìtẹ́olúwakìṣí ti ń rìn káàkiri ilé? Mo gbọ́ pé ara Màmá kò yá. Ṣé wọ́n ti ń jẹun dáadáa? Bá mi kí wọn kú ewu. Àwa náà wà níhìn-ín, bí ọkàn wa kò tilẹ̀ tíì balẹ̀ tán.

O ní kí n sọ irú pírósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti mẹ́mọ́rì tí o lè rà, kí o lè mú kọ̀ǹpútà ilé rẹ sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àwọn ará Ayétòrò ní kí n bá wọn to fọ́tò tí wọ́n fi dróònù yà pọ̀, kó di àwòrán ìlú kan ṣoṣo, kí wọ́n lè fi han àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo ibi tí òkun jẹ dé. Iṣẹ́ náà wúwo. Mo ra pírósẹ́sọ̀ tí wọn kò ti eré rẹ̀ pa, irú èyí tí a lè mú sáré sí i, mo sún eré rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, fáànù ń tù ú, kò sí wàhálà. Ojú wá ń kán mi. Mo gbàgbé pé ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ki mẹ́mọ́rì mìíràn, tí kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́, mọ́ ọn, mo sì mú àwọn náà sáré. Kọ̀ǹpútà kò kú. Mo rò pé ó ti bọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àrìnpé, aládùúgbò mi, wọlé wá wo àwòrán náà. Látìgbà tí omi ti ń wọ yàrá wọn ní Ayétòrò ló ti kó àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ wa. Olówòkéré ọkọ rẹ̀ ló kù tó ń ṣọ́ ilé. Ó fi ìka tọ́ka sí ilé ìjọsìn, ó tọ́ka sí ọ̀nà. Níbi tó yẹ kí ilé wọn wà, dúdú lásán ni, bí omi.

Ó ní, "Tíṣà, ìgbà wo ni wọ́n ya èyí?"

Mo ní àná ni. Ó pe fóònù ọkọ rẹ̀, kò wọlé. Mo ń sọ fún un pé ó lè jẹ́ àṣìṣe kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó ti dé etí omi. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀lé e. Ó di etí ọkọ̀ mú, ìgbì ń gbé wa sókè. Ká ní wọ́n ní kí n búra pé àṣìṣe ni, n kò ní lè búra.

Ilé náà wà níbẹ̀. Olówòkéré jókòó síwájú rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Iná ló ti tán nínú fóònù rẹ̀. Àrìnpé jókòó sínú iyanrìn, ó bú sẹ́kún. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fi àwòrán náà han ọkọ rẹ̀, mo ní n ó tún un ṣe. Ó wò ó pẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ má dà á nù. Òkun ò ní pẹ́ sọ ọ́ di òótọ́."

Mo délé, mo yọ mẹ́mọ́rì àjèjì tó jẹ ilé wọn nínú àwòrán náà, mo dá èyí tó kù padà sí eré tó bá wá láti ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ falẹ̀, àmọ́ gbogbo ilé jáde sí àyè rẹ̀.

Nítorí náà, ra pírósẹ́sọ̀ tí wọn kò ti eré rẹ̀ pa, kí o sì rí i pé bọ́ọ̀dù tí o máa fi í sí gbà kí a mú un sáré. Mẹ́mọ́rì méjì tó bá ara wọn wá nínú páálí kan ni kí o rà. Má sún eré wọn àti ti pírósẹ́sọ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà tó kú lójú ẹni kò ba ni lẹ́rù. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ tó sì ń purọ́ ni kí o sá fún.

Kí Màmá àti gbogbo ilé fún mi. Àwọn àlejò kò tíì dé. Láàárọ̀ yìí, Àrìnpé ní ọkọ òun pè, omi ti gun àtẹ̀gùn ilé wọn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Kòfowórọlá.