Ojú Ọ̀run Mọ́ Kedere Lọ́jọ́ Tí Bàbá Milland Lọ Wá Gbòǹgbò

Ìlú Hotevilla, lórí òkè pẹrẹsẹ ilẹ̀ àwa ẹ̀yà Hopi ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí Olóògbé Milland Kuwanyestiwa ní oṣù kẹta ọdún 1951. Ìdílé Àgbàdo ni Elvina, ìyá wọn, ti wá. Ọmọ Àgbàdo sì ni Bàbá, torí ìdílé ìyá là ń jẹ́. Darandaran àgùntàn ni Emory, bàbá wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ kò gba ọmọ láàyè láti sọ èdè Hopi. Nígbà tí wọ́n padà wálé láti ibẹ̀ ní 1967, Lewis, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, kó ọ̀bẹ àti gbòǹgbò igi etídò lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n gbẹ́ ère Katsina, àwọn ẹni ẹ̀mí tó ń mú òjò bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Wọ́n fẹ́ Màmá Verna ní 1974. Ní 1983, níbi iṣẹ́ ojú irin, irin gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ ọwọ́ òsì níṣẹ́.

Màmá wo ère àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ òsì gbẹ́, wọ́n ní, "Milland, kí lèyí? Ọ̀pọ̀lọ́ ni?"

Bàbá fèsì pé, "Ìwọ ni mo ń wò gbẹ́ ẹ."

Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ ọdún ẹ̀wà, tí àwọn Katsina máa ń fún àwọn ọmọbìnrin ní ère, kò sí ọmọbìnrin aláìníbaba kan ní Hotevilla tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Àwọn àgbà mọ bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀. Ọmọdé wà láàárín wa, a ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 2021, Bàbá àti Lorena, ọmọ wọn, lọ wá gbòǹgbò nínú odò gbígbẹ. Kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run.

Lorena ké láti inú mọ́tò pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ń pa mí!"

"Ẹyọ kan péré ló kù, ọmọ mi."

A kò mọ̀ pé òjò ti rọ̀ lórí òkè tó jìnnà réré. Lorena gbọ́ ìró kan, ó ṣebí ọkọ̀ ẹrù ni. Nígbà tó fi máa yíjú, omi ti kún odò dé etí, Bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì la tó rí wọn. A kò tíì rí bàtà wọn kan. Títí di òní, àwo méjì ni Màmá ṣì ń bu ọbẹ̀ àgùntàn sí, wọ́n á sì wá jókòó, wọ́n á máa wò ó.

Màmá Verna, àwọn ọmọ wọn Lorena àti Gerald, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì pé oṣù kan ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyé.

Bàbá, ẹ kò dágbére. Bí ẹ bá di ìkùukùu bí àwọn baba ńlá wa tó ti lọ, tí ẹ sì ń bọ̀ wá sórí oko wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra rọ̀. Ẹ sùn re o.