Orúnkún Òsì Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Káfíńtà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi, òrùlé la jọ ń kàn. Lọ́dún tó kọjá, ó já bọ́ lórí àkàbà, orúnkún òsì rẹ̀ sì yẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún, kí ọ̀gá wa má baà dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún àdúgbò òkè, èmi ń dí ẹ̀yìn fún àdúgbò ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù wa, ó fi mí ṣẹ̀sín: "Àbúrò, ẹ gbé garawa wá o, omijé yín á pọ̀!" Inú bí mi. Nígbà tí kóòṣì wa béèrè bí a ṣe máa dá a dúró, mi ò kó ẹnu mi níjàánu. Mo ní, "Orúnkún òsì rẹ̀ kò sàn."

Mo rò pé a kàn máa tì í sápá òsì ni, kí ẹsẹ̀ tí kò lágbára náà lè dí i lọ́wọ́. Ní abala kejì, ẹnìkan nínú wa fi bàtà gbá orúnkún náà. Mo gbọ́ bó ṣe dún. A gba ife-ẹ̀yẹ. Mi ò fọwọ́ kan ife náà.

Dókítà ní kò lè gun àkàbà mọ́ láéláé. Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àbúrò, ẹnìkan ló tú àṣírí mi. Bá mi wá a." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, màá wá a."

Ètò yín ló máa ń gbọ́ lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá jókòó sí. Mi ò ní sá. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.